Kóńgò Yín Ti Wọnú: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Pàtẹ ní Las Vegas

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń ṣe káàdì gíráfíìsì àti ojú kọ̀ǹpútà,

Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni mo fi ń jẹun. Kọ̀ǹpútà ni mo ń tò fún àwọn tó ń gé fídíò àti àwọn tó ń ṣe kàtúùnù. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìpàtẹ ẹ̀rọ CES ti ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi já wọlé, ó na fóònù sí mi, kò tilẹ̀ rántí kí mi dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nǹkan! 5070 ti di 4090! Dọ́là 549 péré!"

Kì í ṣe àhesọ ló gbé wá. Lálẹ́ ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún yẹn, Jensen Huang, ọ̀gá àgbà Nvidia, dúró lórí pèpéle ní Las Vegas nínú jákẹ́ẹ̀tì awọ tó ń dán yanranyanran, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé káàdì RTX 5070 yóò fún wa ní agbára RTX 4090 ní dọ́là 549. Dọ́là 1,599 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta 4090 lọ́dún 2022. Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní sáré?

Àwa tí ìyá wa rán lọ ra gàrí rí mọ kóńgò tó wọnú. Ẹni tó ni ín á lu ìdí rẹ̀ títí yóò fi wú sókè nínú. Bó bá bu gàrí sí i, á kún, á tún ga ṣóńṣó lókè, ẹ ó máa dúpẹ́ ẹ̀ènì. Ilé lẹ ó dé kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé kò tó. Ìyá mi kì í bá wọn jiyàn. Á kàn ki ọwọ́ bọ inú kóńgò ná kó tó ní kí wọ́n máa wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n ki ọwọ́ bọ tiyín. Àwòrán tó ń tẹ̀ léra kíákíá ni géèmù tí à ń wò, férémù là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní káàdì kan ń ṣe 60, ohun tí a mọ̀ ọ́n sí ni pé ó ya férémù 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. DLSS 4 tí ẹ gbé dé yí èyí padà. Káàdì á ya ẹyọ kan, ọgbọ́n àtọwọ́dá á fojú dá mẹ́ta kún un, ẹ ó sì ka mẹ́rin fún wa. Ẹyọ kan yẹn pàápàá, ó lè yà á ní ìdá kan péré nínú mẹ́rin, kí ọgbọ́n àtọwọ́dá fẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n 4K. Ẹ bá mi ṣírò: férémù mẹ́rin ní 4K jẹ́ bíi pixel mílíọ̀nù 33, àwọn ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Èyí tí káàdì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà níbẹ̀ jẹ́ bíi mílíọ̀nù 2. Nínú pixel mẹ́rìndínlógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìfojúdá.

N ò ní iṣẹ́ náà ò dáa o. Bí géèmù bá ti ń lọ geere tẹ́lẹ̀, ojú á gbádùn rẹ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rí i á yanu. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yàtọ̀ sí ojú. Ká ní 30 ni káàdì yà tí ẹ sọ ọ́ di 120. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì kí ọkùnrin inú géèmù fò, férémù gidi nìkan ló ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, 30 yẹn náà sì ni. Ó tún kù: káàdì gbọ́dọ̀ dúró de férémù gidi tó kàn kó tó lè fojú dá àwọn tó wà láàárín, ìdádúró tún gorí ìdádúró. Ojú wà ní 120, ọwọ́ ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn.

Èyí tó bí mi nínú jù ni àtẹ ìfiwéra. Ẹ fi káàdì tuntun sí ìlọ́po mẹ́rin, ẹ fi ti àná sí ìlọ́po méjì, ẹ wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Kóńgò méjì lẹ fi wọn gàrí kan. Nígbà tí 5070 délẹ̀ ní oṣù kẹta, tí àwọn tó ń dán káàdì wò pa ìfojúdá, ẹ̀gbẹ́ 4070 Super ni wọ́n bá a. 4090 ti lọ jìnnà.

Mo bi oníbàárà mi pé, "Kí lo fi ń ṣiṣẹ́ ná?"

"Blender ni mo fi ń ṣe kàtúùnù, ẹ̀gbọ́n."

"Tó o bá ń réndà, ta ló máa bá ọ fojú dá férémù mẹ́ta?"

Ó dákẹ́. Mo ní kó ṣí iṣẹ́ rẹ̀. Ọjà kan ló ń kọ́ síbẹ̀, agboorùn rẹpẹtẹ, dánfó, èèyàn bí eéṣú, gbogbo rẹ̀ sì ti lé ní GB 16. Mẹ́mọ́rì 5070 jẹ́ GB 12. Ti 4090 jẹ́ 24. Kò sí ìfojúdá tó lè sọ méjìlá di mẹ́rìnlélógún.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Mo ra ọ̀kan tí wọ́n lẹ HDR mọ́ níwájú, HDR tó yẹ kó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ mọ́ gbòò kí òkùnkùn sì dú bí kóró iṣin. Mo wo fíìmù alẹ́ lórí rẹ̀, òkùnkùn rí bí eérú. Ìgbà tí mo wá fìn ín níràn ni mo mọ̀ pé DisplayHDR 400 ni, ipele tó rẹlẹ̀ jù nínú èyí tí VESA, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà fún ojú kọ̀ǹpútà, gbé kalẹ̀ lọ́dún 2017. Kò fi dandan lé e pé kí iná ẹ̀yìn lè kú níbì kan kó sì tàn níbòmíràn. Ẹ̀yin oní-HDMI, ìlànà okùn tó ń gbé àwòrán lọ sójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin náà ńkọ́? Láti 2021 ni a ti gbọ́ pé nínú ìlànà yín, ẹ̀rọ tí kò ṣe ju ohun tí 2.0 ń ṣe lọ lè máa jẹ́ 2.1. Ó ti pẹ́ tí irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Láyé ojú kọ̀ǹpútà oníkùn gbàǹgbà, ẹ máa ń wọn gíláàsì mọ́ ibi tí ike bò. Ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwọ̀n ibi tí ojú ń rí sára páálí.

Ìbéèrè mi ò pọ̀. Ẹ kọ iye férémù tí káàdì yà fúnra rẹ̀ síwájú, ní lẹ́tà tó tóbi bíi ti ìyókù. Ẹ kọ iye tí ọgbọ́n àtọwọ́dá fi kún un sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ rà á. Ẹ kọ iye iná tó ń jẹ náà síbẹ̀, torí wáàtì 575 ni 5090 ń fà, 4090 fà 450, àwa tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ló sì ń ra bẹntiróò.

Oníbàárà mi ò ra 5070. Ó lọ ra 3090 tòkunbọ̀, ti ọdún 2020, tó ní GB 24. Ọjà rẹ̀ wọlé síbẹ̀ pátá, àti dánfó àti agboorùn.