Lẹ́tà X kì í ṣe oyè o

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbá gọ́ọ̀fù, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀pá dráífà tó le jù lẹ ń rà? R máa ń tẹ̀, S le jù ú lọ, X tún wá le gan-an. Kò tiẹ̀ sí òṣùwọ̀n kan tí gbogbo iléeṣẹ́ jọ ń lò: R ti ibì kan lè le bíi S ti ibòmíì!

Bí ẹ ṣe ń fì í ni kẹ́ ẹ wò. Bí orí igi yín bá ń sáré bíi 90 máìlì ní wákàtí kan, tẹ́ ẹ sì ń rọra bẹ̀rẹ̀, R sábà máa ń tó. Ẹni tó ń já a wálẹ̀ lójijì lè nílò S, kódà kí eré wọn dọ́gba, torí ipá òjijì yẹn ló ń tẹ ọ̀pá. Ẹ yá oríṣi méjì lò, kẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá-mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tó náwó.