Ìlà Ni Wọ́n Ń Tà fún Wa

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ kóòdù, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ètò gbígba àyè sílẹ̀ tí àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá ń lò ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní torí kí ìlà lè kúrú ni. A ò gbà. Torí kí owó lè jáde lápò ni.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1999, Disney gbé FastPass jáde nínú ọgbà rẹ̀ ní Florida. Ọ̀fẹ́ ni. Èèyàn á ki tíkẹ́ẹ̀tì àbáwọlé bọ ẹnu ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà á ti bébà kékeré kan jáde tó máa sọ wákàtí tó yẹ kó padà wá. Títí àkókò yẹn á fi tó, ó lómìnira. Ó dùn mọ́ gbogbo ayé, àbí? Ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ fi òmìnira ṣe nínú ọgbà tí wọ́n mọ ògiri yí ká, tí ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù kún inú rẹ̀ fọ́fọ́? Ẹni tó wà lórí ìlà ò lè lọ ra fìlà olétí eku. Kò lè jókòó jẹun. Bí wọ́n bá mú un kúrò lórí ìlà fún wákàtí méjì, wákàtí méjì ni wọ́n fi kún àsìkò ìnáwó rẹ̀ yẹn.

Six Flags ò tiẹ̀ fi tirẹ̀ pa mọ́. Lọ́dún 2001, ọgbà wọn ní Georgia bẹ̀rẹ̀ sí í lo Q-bot, ẹ̀rọ kékeré kan tí ilé iṣẹ́ Lo-Q láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Èèyàn á sanwó, á gbé e dání, ẹ̀rọ náà á bá a dúró lórí ìlà. Nígbà tó yá, wọ́n pín in sí ìpele mẹ́ta. Ẹni tó san owó kékeré á dúró níye ìṣẹ́jú tí gbogbo èèyàn ń dúró, àmọ́ kò ní sí lórí ìlà. Ẹni tó fi kún un á dúró ní ìdajì. Ẹni tó san jù lọ, wọ́n lè yọ tó ìdá 90 nínú 100 kúrò nínú ìdúró tirẹ̀. Oòrùn kan náà ló ń pa gbogbo wọn o.

Lọ́dún 2013, Disney mú MagicBand dé, ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn yàrá òtẹ́ẹ̀lì, tó ń ṣí géètì ọgbà, tó ń gba àyè sílẹ̀, tó sì tún ń sanwó ọjà. Ìròyìn ní gbogbo iṣẹ́ náà ná wọn tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Ta ló máa ná irú owó yẹn torí kí ẹsẹ̀ má baà ro wá? Ẹni tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì wọn lè gba àyè sílẹ̀ ní ọjọ́ 60 ṣáájú. Ẹni tó sùn síbòmíì, ọjọ́ 30. Ẹni tó ti gba àyè láti oṣù méjì sẹ́yìn, ṣé ọjọ́ yẹn náà ló máa tún gba Universal lọ? Owó téèyàn sì fi ẹ̀gbà ọwọ́ kàn lásán kì í dunni bí èyí téèyàn kà lọ́wọ́.

Kò sí ọ̀fẹ́ ní Freetown. Nígbà tí gbogbo wa ti mọ adùn ọ̀fẹ́ tán, ní 2021, wọ́n pa á, wọ́n fi Genie+ rọ́pò rẹ̀: dọ́là 15 fún ẹnì kan lóòjọ́ ní Florida, láì ka àwọn eré kan tí wọ́n ń ta lọ́tọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iye náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lú ọjọ́: bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni owó ṣe ń ga. Nígbà tó fi di 2024, wọ́n gbé Premier Pass jáde, tó lè tó dọ́là 449 fún ẹnì kan lọ́jọ́ kan, lórí owó àbáwọlé. Bàbá, ìyá, ọmọ méjì: dọ́là 1,796, kí wọ́n má ṣáà dúró.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ká ní ẹ̀rọ ìṣeré kan ń gbé 1,000 èèyàn ní wákàtí kan. Bí 600 bá wà níwájú yín, ìṣẹ́jú 36 lẹ máa dúró. Tí wọ́n bá wá ya àga 700 sọ́tọ̀ fún àwọn tó gba àyè sílẹ̀, 300 ló kù fún ìlà tiyín ní wákàtí kan. Wákàtí méjì gbáko nìyẹn. Ẹ̀rọ yẹn ò yára sí i, ẹnikẹ́ni ò fi àga kan kún un. Lọ́dún 2021, Kevin Perjurer tó ni Defunctland lórí YouTube gbé fídíò gígùn kan jáde, wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe àfiwé ọgbà kan láti dán an wò. Ibi kan náà ló já sí: ìdúró ẹni tí kò gba àyè sílẹ̀ gùn sí i.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí owó ẹni lẹni ń ná, ojú ọ̀run sì tẹ́yẹ fò láì fara kanra." Tó bá jẹ́ ojú ọ̀run ni, òótọ́ ni. Àmọ́ àga orí ẹ̀rọ níye. Àyè tí wọ́n tà fún ẹnì kan, ara ẹlòmíì ni wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n á wá ní kò sẹ́ni tó fipá mú wa. Ẹ kọ́kọ́ ba ìlà ọ̀fẹ́ jẹ́, ẹ wá ń ta ọ̀nà àbáyọ, ẹ ní a lómìnira láti yàn? Wọ́n á tún ní owó náà ni wọ́n á fi kọ́ eré tuntun. Kò burú. Ẹ gbé e lé owó àbáwọlé kí gbogbo wa rí i, ká mọ iye tí eré ń jẹ́ kí a tó kúrò nílé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá ni pé kóòdù ò mọ ọgbà yàtọ̀ sí ọsibítù. Lọ́la, ẹnì kan á pè wá sí mítíìnì, á ní ká fi "priority" sí áàpù ilé ìwòsàn, tàbí ti ọkọ̀ èrò, tàbí ti ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ìrìnnà. Á ní bọ́tìnì kékeré kan péré ni. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí láptọ́ọ̀pù, ká bi í ní ìbéèrè kan: "Ìlà ta ló máa gùn sí i?" Bí kò bá lè dáhùn, ká má kọ ọ́. Ìlà wà lára ìwọ̀nba ibi tí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ti ń dúró bákan náà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ tiwa ló máa tà á.