Kì í Ṣe Òfin Ni Ó Jẹ̀bi

Nígbàkígbà tí a bá jí ènìyàn gbé ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ìbáà ṣe lórí òkun tàbí lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ni ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn kan a ní òfin àgbáyé kò lágbára, pé ìwé lásán ni àwọn orílẹ̀-èdè ńlá fi ń tan àwọn kékeré jẹ. Àwọn mìíràn a ní bí ohun tí ajínigbé ń jà fún bá tọ́, kò yẹ kí a pè é ní ọ̀daràn. Èrò méjèèjì ni kò tọ̀nà, wọ́n sì léwu gidigidi bí wọ́n bá ti ẹnu olùkọ́ bọ́ sí etí ọmọdé.

Kí ni òfin náà wí? Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1979, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn tí ó lòdì sí fífi ènìyàn dógò. Ohun mẹ́ta péré ni àdéhùn náà ń wò: pé ẹnì kan mú ẹlòmíràn tàbí ó dá a dúró, pé ó halẹ̀ pé òun yóò pa á, tàbí òun yóò ṣe é léṣe, tàbí òun kò níí tú u sílẹ̀, àti pé ó ń fi èyí fi ipá mú ẹni kẹta, yálà ìjọba, ẹgbẹ́ tàbí ẹnikẹ́ni, láti ṣe ohun kan tàbí láti má ṣe é. Òfin náà kò béèrè bóyá owó ni ajínigbé ń wá tàbí òmìnira, bóyá ebi ni ó ń pa á tàbí ẹ̀sìn ni ó ń gbèjà. Ẹni tí ó wà nínú ìdè kọ́ ni ó ṣẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni.

Àwọn tí ń gbèjà ìdí rere a máa rò pé wọ́n rí ọ̀nà àbáyọ nínú abala kejìlá. Nígbà tí a ń jíròrò òfin náà, ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira pé àwọn amúnisìn lè lò ó láti sọ ajìjàgbara di ọ̀daràn. Nítorí náà ni a ṣe kọ ọ́ pé bí irú ìwà bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú ogun tí àdéhùn Geneva ti 1949 ti mú, títí kan ogun àwọn tí ń bá amúnisìn jà, àdéhùn Geneva ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn Geneva náà ka fífi ènìyàn dógò léèwọ̀. Ẹni tí ó sá kúrò lábẹ́ òfin kan bọ́ sí abẹ́ èkejì ni.

Ti òkun náà kò yàtọ̀. Òfin òkun ti 1982 sọ pé ajalèlókun ni ẹni tí ó ti inú ọkọ̀ kan kọlu ọkọ̀ mìíràn fún èrè ara rẹ̀, lẹ́yìn máìlì òkun 12 tí ó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè etí òkun. Ní oṣù Kẹwàá 1985, àwọn ọmọ Palestine mẹ́rin tí ó wọ ọkọ̀ Achille Lauro ti ilẹ̀ Ítálì bí èrò gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì pa arúgbó ará Amẹ́ríkà kan tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn. Àwọn amòfin bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn: ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, kì í sì í ṣe èrè ara wọn ni wọ́n ń wá, ṣé ajalèlókun ni wọ́n? Àwọn orílẹ̀-èdè kò fi àríyànjiyàn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1988, wọ́n péjọ sí Róòmù, wọ́n sì ṣe àdéhùn tuntun tí ó sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ipá gba ọkọ̀ jẹ̀bi, ohun yòówù kí ó máa wá.

Òótọ́ ni pé láti 1996 tí a ti dá ìgbìmọ̀ àgbáyé kan sílẹ̀ lórí ọ̀ràn àwọn agbésùnmọ̀mí, ẹnu kò tíì kò lórí ìtumọ̀ kan tí yóò kárí ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe àwáwí. Fífi ènìyàn dógò ní ìtumọ̀, ìjalè lórí òkun sì ní ìtumọ̀.

Níbo wá ni àléébù wà? Òfin àgbáyé kò ní ọlọ́pàá tí yóò wá mú ajínigbé nínú igbó. Ohun tí àdéhùn 1979 àti ti 1988 pa láṣẹ ni pé orílẹ̀-èdè tí ọ̀daràn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a ṣẹjọ́, tàbí kí ó fà á lé ẹni tí yóò bá a ṣẹjọ́ lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ inú ilé ni eyín òfin àgbáyé.

Ẹ̀rí rẹ̀ ń bẹ nítòsí. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ International Maritime Bureau, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 ni a jí gbé ní gbogbo ayé ní 2020. 130 nínú wọn jẹ́ ti òkun Gíní, tí ó wà níwájú ilẹ̀ Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ní 2019 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tirẹ̀ tí ó dá lórí ìjalè lórí òkun. Ní oṣù Kẹjọ 2020, ilé-ẹjọ́ kan ní Port Harcourt fi òfin náà dá àwọn mẹ́ta lẹ́bi. Ní oṣù Keje 2021, ilé-ẹjọ́ kan ní Èkó rán àwọn mẹ́wàá lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 12, nítorí ọkọ̀ Hai Lu Feng II tí wọ́n gbà ní òkun Côte d'Ivoire, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi sì gba òṣìṣẹ́ 18 inú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí a jí gbé ní òkun Gíní wálẹ̀ sí 57 ní ọdún náà. Ọkọ̀ ogun tí ń ṣọ́ òkun ní ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́ṣà tí a mú, tí a kò dá lẹ́jọ́, yóò padà sójú omi.

Lórí ilẹ̀ ńkọ́? Ọmọbìnrin 276 ni a kó ní Chibok ní oṣù Kẹrin 2014. Ọmọkùnrin tí ó lé ní 300 ní Kankara ní oṣù Kejìlá 2020. Ọmọbìnrin 279 ní Jangebe ní oṣù Kejì 2021. Ilé-ẹ̀kọ́ ni gbogbo wọn. Abala kẹtàlá àdéhùn 1979 sì sọ ọ́ kedere pé bí ajínigbé àti ẹni tí a jí bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà, tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tí ọ̀daràn sì wà níbẹ̀, àdéhùn náà kò dá sí i. Ẹrù onílé ni. Nítorí náà, ẹni tí ó ń dá òfin àgbáyé lẹ́bi nítorí Kankara ń na ẹni tí kò ṣẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má bá òbí wí tí ó ta ilẹ̀ láti ra ọmọ rẹ̀ padà. Omi ti dé ọrùn rẹ̀. Ìjọba tí ó bá jẹ́ kí ọ̀ràn parí nígbà tí ọmọ bá ti délé, tí kò wá ẹni tí ó gbé e, ni ó yẹ kí a bi léèrè. Bí ọmọ bá padà, tí ajínigbé kò dé iwájú adájọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iye owó lé ọmọ tí yóò tẹ̀ lé e ni.

Iṣẹ́ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Kí ó kọ́ àwọn ọmọ pé ènìyàn kì í ṣe ohun ìdógò, pé kò sí ìdí kan, bí ó ti wù kí ó dára tó, tí ó lè sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Kí ó sì kọ́ wọn láti máa béèrè lẹ́yìn ìjínigbé kọ̀ọ̀kan pé: ta ni a mú, ilé-ẹjọ́ wo ni ó dúró sí, kí sì ni ìdájọ́ rẹ̀? Orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá béèrè bẹ́ẹ̀ yóò máa ka iye ọmọ tí ó sọnù títí láé.