Odindi ọ̀rọ̀ ni AI ń fẹ́: Kí oníṣòwò tó fa àkọsílẹ̀ dúkìá lé e lọ́wọ́

Nínú ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì kékeré, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ láàárín ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá á ní, "Gbé kọ̀ǹpútà yẹn fún Bọ̀dá Wálé," ọmọọṣẹ́ á sì mọ èyí tí ọ̀gá ń wí, á mọ̀ pé kì í ṣe èyí tó wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe, á sì mọ Wálé tí wọ́n ń sọ, bí Wálé tilẹ̀ pé méjì níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Àmọ́ òṣìṣẹ́ tuntun kan ti ń wọlé sáwọn ilé iṣẹ́ báyìí tí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kò lè tó. AI ni.

Kì í ṣe AI tó kàn ń dáhùn ìbéèrè ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn tí wọ́n ń pè ní ejẹ́ǹtì ni, ìyẹn AI tí wọ́n máa rán níṣẹ́, tí yóò sì wọ inú ètò kọ̀ǹpútà mìíràn lọ fúnra rẹ̀ láti jẹ́ iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ejẹ́ǹtì ilé ṣe máa ń ṣojú fún onílé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, tí ilé iṣẹ́ Anthropic ti gbé ìlànà tó ń jẹ́ Model Context Protocol jáde, ó ti túbọ̀ rọrùn láti so irú AI bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn ètò tí ilé iṣẹ́ ń lò, títí kan àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ dúkìá bíi kọ̀ǹpútà, fóònù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Àpẹẹrẹ kan ni Snipe-IT, tí Alison Gianotto bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ kékeré náà fi lè lò ó. Ó ń tọ́jú nọ́ńbà dúkìá kọ̀ọ̀kan, iye tí wọ́n rà á, ìgbà tí gárántì rẹ̀ máa parí, àti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà fún òṣìṣẹ́, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀. Bó bá dá a padà, wọ́n á tún kọ ọ́. Ìwé rẹ́jísítà àtijọ́ náà ni, orí kọ̀ǹpútà ló kàn bọ́ sí.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ènìyàn ni wọ́n ṣe ojú ètò náà fún. Ènìyàn ń rí bọ́tìnnì, ó ń rí ìkìlọ̀ aláwọ̀ pupa, ó sì lè bi ẹni tó jókòó tì í. Ẹ̀yìnkùlé ni AI sábà máa ń gbà wọlé, níbi tí ètò kan ti ń bá ètò kejì sọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní API. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé kì í sì í fìgbà gbogbo bá ti iwájú mu. Ohun tí Snipe-IT pè ní "Assets" níwájú, "hardware" ló ń jẹ́ lẹ́yìn. Yàtọ̀ síyẹn, ènìyàn nìkan kọ́ ni wọ́n lè gbé dúkìá fún. Wọ́n lè gbé e fún ibùdó kan, tàbí kí wọ́n so ó mọ́ dúkìá mìíràn. AI gbọ́dọ̀ mọ èyí tí wọ́n ń wí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí tó léwu jù ni ti ìdáhùn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà 200 ni kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun ti yọrí. Àmọ́ Snipe-IT lè dá 200 padà, kó wá jẹ́ pé inú ìdáhùn yẹn gan-an ló ti máa kọ ọ́ pé àṣìṣe wà, iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe. AI tí kò bá sẹ́ni tó là á yé e lè ka 200, kó ní iṣẹ́ ti parí, kó sì jábọ̀ fún ọ̀gá pé kọ̀ǹpútà ti wà lórúkọ Wálé. Nígbà tí Wálé bá fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò ní sí àkọsílẹ̀ kankan tó sọ pé ó gba nǹkan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Owó ló lọ yẹn.

Ìwé ìlànà tí wọ́n dìídì kọ fún AI ló lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe ètò lè kọ tiwọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè mọ àṣà ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Oníṣòwò fúnra rẹ̀ ló máa kọ ìyẹn, ojú ewé kan sì tó o. Kí ó kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀: ṣé "ó ti bàjẹ́" túmọ̀ sí pé kò ṣeé lò mọ́ ni, àbí pé ó wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe? Kí ó kọ ohun tí AI lè dá ṣe, irú bíi wíwá àwọn dúkìá tí gárántì wọn ti fẹ́ parí, àti ohun tó gbọ́dọ̀ béèrè kó tó ṣe, irú bíi yíyí orúkọ ẹni tí dúkìá wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Kí ó kọ ọ́ pé lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí AI padà lọ wo àkọsílẹ̀ náà bóyá ó ti yí lóòótọ́. Kí ó sì fi ọjọ́ sí i, nítorí bí ètò bá yí padà, ìwé náà gbọ́dọ̀ bá a yí.

Àwọn kan á ní AI gbọ́n, pé á mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ó gbọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò sọ àlejò di ọmọ onílé. Àwọn mìíràn á ní kọ̀ǹpútà márùn-ún kò tó ohun tí èèyàn ń kọ ìwé lé lórí. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní márùn-ún péré ni ọ̀kan tó sọnù máa dùn jù. Ìwé yẹn kan náà ló sì máa wúlò fún òṣìṣẹ́ tuntun tó bá dé lọ́la, yálà AI wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Síbẹ̀, ìwé nìkan kò tó. Ní oṣù keje ọdún 2025, AI ilé iṣẹ́ Replit nu àkójọ ìsọfúnni tí oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan, Jason Lemkin, ń lò, bẹ́ẹ̀ ó ti kìlọ̀ fún un pé kó má yí nǹkan kan padà. Orúkọ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó lé ní 1,200 ló wà níbẹ̀. Wọ́n rí i gbà padà, ọ̀gá Replit, Amjad Masad, sì tọrọ àforíjì. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìkìlọ̀ kì í ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ló ń tì í. Nínú Snipe-IT, agbára tí ẹni tó ṣe kọ́kọ́rọ́ API bá ní ni kọ́kọ́rọ́ náà máa ní. Nítorí náà, kí oníṣòwò má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá àgbà fún AI. Kí ó ṣí orúkọ ọ̀tọ̀ fún un, kó jẹ́ kó máa wo àkọsílẹ̀ lásán ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó máa fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ sì wà nínú àkọsílẹ̀ náà, nǹkan tí òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ọmọọṣẹ́ tó bá ṣàṣìṣe, wọ́n lè pè é kó wá ṣàlàyé, wọ́n sì lè ránṣẹ́ sí onídùúró rẹ̀. AI kò ní owó oṣù tí wọ́n máa gé, kò sì ní onídùúró. Ọ̀gá nìkan ló máa ru gbogbo àdánù. Ojú ewé kan tí wọ́n fi ọ̀sán Sátidé kọ kò lè wọ́n tó kọ̀ǹpútà kan tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlé sí.