Kí Lẹ Ń Ṣe Àmín Sí?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú tì mí fún yín. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ka orí 15 Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, níbi tí wọ́n ti ní kí Sọ́ọ̀lù pa Ámálẹ́kì run, tọkùnrin tobìnrin, títí kan ọmọ ẹnu ọmú. Ẹ pariwo Àmín. Kí lẹ ń ṣe Àmín sí?

Pásítọ̀ fo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ dá, ó bọ́ sórí àgùntàn tí Sọ́ọ̀lù dá sí. Ó ń ké bí àgùntàn lórí pẹpẹ, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Igbe àgùntàn wọ̀ yín létí. Igbe ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Sọ́ọ̀lù dá Ágágì ọba sí, ó dá ẹran àbọ́pa sí, wọ́n sì torí ìyẹn bá a wí. Ọmọ tí kò dá sí ńkọ́, ta ló bi í léèrè wọn? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà nínú ilé Ọlọ́run, wọ́n ń ka ikú ọmọ tuntun sí yín létí, ara yín ò tilẹ̀ bù máṣọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pa àwọn ará Ámálẹ́kì, ìgbà tí Ísírẹ́lì ń ti Íjíbítì bọ̀ ni. Àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́ ti kú tipẹ́tipẹ́.

Ẹ ó ní Ọlọ́run ló pàṣẹ, ta lẹ jẹ́ tí ẹ ó bi Í léèrè? Ábúráhámù bi Í. Ó dúró níwájú Rẹ̀ nítorí ìlú Sódómù, ó ń dúnàádúrà láti orí 50 olódodo títí dé orí 10, Ọlọ́run ò sì bínú sí i. Àbí ìgbàgbọ́ yín ju ti Ábúráhámù lọ? Àwọn Júù tó ni ìwé pàápàá ò gbé e mì báyìí. Nínú Talmud, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà wọn, àwọn rábì, olùkọ́ wọn, fi ìbéèrè yìí sí Sọ́ọ̀lù lẹ́nu: báwọn àgbà bá ṣẹ̀, kí lọmọdé ṣe? Ohùn kan láti ọ̀run pa á lẹ́nu mọ́, wọn ò sì fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n bèèrè!

Kì í ṣe Ísírẹ́lì nìkan ló kọ irú ìtàn yìí sílẹ̀. Méṣà ọba Móábù gbẹ́ tirẹ̀ sára òkúta kan tí wọ́n rí ní 1868: Kémóṣì, òrìṣà rẹ̀, ló ní kó lọ gba Nébò lọ́wọ́ Ísírẹ́lì, ó sì pa 7,000 ènìyàn níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin. Bí mo bá kà á fún yín, ẹ ó ní ìwà ìkà àwọn abọ̀rìṣà ni. Ṣé ohun tó bá ojú kọ́ ló bá imú ni?

Àwọn baba wa jagun, wọ́n kẹ́rú, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí lónìí, tí wọ́n rí ẹ̀yin tí wọ́n ní ẹ lajú, tí ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ síkú ọmọ ọwọ́, kí lẹ ó wí fún wọn?

Ọ̀rọ̀ Ámálẹ́kì yìí ò sì dúró sí orí pẹpẹ. Ẹ ń gbé e lọ sílé. Nígbà ìṣọ́ òru, ẹ̀ ń dárúkọ ìyá ọkọ, ẹ ní òun ni Ámálẹ́kì ilé yín, kí iná jó o. Ìyá tó wẹ ọmọ yín nígbà tẹ́ ẹ bímọ, tó fi òrí pa á lára, tó gbé e pọ̀n kẹ́ ẹ lè sùn! Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.