Ta Ló Díyelé Ìgbéyàwó?

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, èló ni ọkọ? Èló ni aya? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti díyelé wọn.

Lọ́dún 2012, ìjọba ibẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mú ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá láti ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ fi hàn pé £18,600 ń wọlé fún òun lọ́dún. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé e dé £29,000. Ta ni òfin yìí mú? Kì í ṣe olówó. Lọ́dún 2024 kan náà, owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ fún àgbàlagbà ni £11.44 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá fi ogójì wákàtí ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, tí kò sinmi ọ̀sẹ̀ kan péré, kò lè rí ju £23,800 lọ. Arábìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì lóru kò lè débẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta, owó tí yóò máa gbà bó bá dé kò wọ inú ìṣirò.

Wọ́n ní kí àjèjì má baà di ẹrù ru ìjọba ni. Ṣùgbọ́n físà yẹn fúnra rẹ̀ ló sọ pé ẹni tó gbà á kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹrù wo ló wá kù? Àwọn mìíràn ní torí àwọn tó ń fẹ́ra nítorí ìwé ni. Òótọ́ ni pé irú wọn wà, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n owó oṣù kì í dá irọ́ mọ̀. Olówó lè ṣe ìgbéyàwó èké. Tálákà lè ṣe ti òtítọ́.

Nínú Mátíù orí 19, nígbà tí Jésù ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè iye tó ń gbà lóṣù.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà láti wá tọ́jú arúgbó kò gbọ́dọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Wọ́n fẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọn kò fẹ́ ìdílé rẹ̀. Àwọn ọmọ wa wà tó jẹ́ pé inú fóònù nìkan ni wọ́n ti mọ ìyá wọn.

Ẹ má sọ pé kò sí ohun tí a lè ṣe. Lọ́dún 2005, wọ́n ní àjèjì tí òfin ìwọlé dè gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Home Office kó tó ṣègbéyàwó. Owó ìwé náà dé £295. Ẹni tó ṣe é ní Ìjọ Áńgílíkà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń jọ́sìn ní sọ́ọ̀ṣì Pẹ́ńtíkọ́sì kò bọ́. Àwọn kan kò gbà, wọ́n gba kóòtù lọ. Lọ́dún 2008, àwọn adájọ́ House of Lords sọ pé bí wọ́n ṣe ń lo òfin náà tẹ ẹ̀tọ́ ìgbéyàwó lójú. Lọ́dún 2011, wọ́n pa á rẹ́. Òfin tí ènìyàn dì, ènìyàn lè tú u.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ní Manchester àti níbikíbi níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò yín. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ má kàn sọ fún tọkọtaya tí òkun pín níyà pé kí wọ́n ní sùúrù. Ẹ bá wọn kọ̀wé náà. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dẹ́kun bíbi ìyàwó léèrè ìgbà tí ọkọ rẹ̀ yóò ránṣẹ́ sí i. Ẹ bi àwọn tó ṣòfin. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.