Iye Tí Kòkó Ń Lọ Lónìí Kọ́ Ni Iye Ọjọ́ Ìkórè

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wa. Ní ọdún 2024, kòkó sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di olówó ní Ofosu àti káàkiri ilẹ̀ Ìdànrè. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kan páànù tuntun. Ẹni tó jẹ gbèsè san án. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìpinnu tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe lọ́dún náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé àwọn tí kò sí níbi tí a ti ṣe é ló ń jìyà rẹ̀ jù.

Ẹ rántí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojú ọjọ́ tí kò dára àti àrùn igi kòkó dín ìkórè kù ní Ghana àti Côte d'Ivoire, orílẹ̀-èdè méjì tí ayé gbójú lé jù fún kòkó. Ni kòkó bá wọ́n. Tọ́ọ̀nù kan, tó ti ń lọ ní nǹkan bí 2,500 dọ́là fún ọdún mélòó kan, kọjá 10,000 ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ó sì kọjá 12,000 ní oṣù Kejìlá. Bí a ṣe gbọ́ èyí, àwọn kan fa ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó tu, wọ́n gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lulẹ̀, wọ́n sì gbin kòkó sí i. Àwọn mìíràn yá owó èlé gba ilẹ̀. Kí ọdún 2025 tó parí, iye náà ti já wálẹ̀ débi pé kò tó ìdajì mọ́.

Kì í ṣe pé a gbin kòkó ni àṣìṣe wa. Àṣìṣe wa ni pé a fi iye ọjọ́ kan ṣe ìpinnu ọgbọ̀n ọdún. Oṣù mẹ́ta tó fún àgbàdo, ọdún kan tó fún ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n kòkó, àní irú èyí tó ń tètè so tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, ní Ìbàdàn mú jáde, yóò gba bí ọdún mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ẹni tó gbìn ní 2024 ń retí èso ní 2027. Ta ló mọ iye tí yóò máa lọ nígbà náà? Títí di 1986 tí wọ́n pa bọ́ọ̀dù kòkó ìjọba rẹ́, bọ́ọ̀dù ló ń kéde iye tí wọn yóò fi ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Láti ìgbà náà, àgbẹ̀ nìkan ló ń ru ẹrù yẹn. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni ká wá ṣe? Ká jókòó ti ìwé àti bírò kí àdá tó wọ oko. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ka iye ẹnu tó ń jẹun nínú ilé, kí ẹ yọ ilẹ̀ oúnjẹ sọ́tọ̀ kí ẹ tó yọ ti kòkó. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò owó. Bí a bá gbin kòkó ní mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, héktà kan yóò gba igi 1,111. Ta ni yóò máa ro ó? Èló ni oògùn tí a ó máa fín nígbà òjò kí èso má baà dúdú? Bí iye kòkó bá já sí ìdajì, ǹjẹ́ ẹ ó ṣì rí owó alágbàṣe san? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ dín oko náà kù. Ẹ má sì gé gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀: ó ń ṣíji bo kòkó kékeré, ó sì ń mú owó wọlé kí kòkó tó so.

Ẹni tó bá ń rò pé ilẹ̀ ò tó, tó fẹ́ wọ igbó ìjọba lọ, kó fara balẹ̀. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 kọ kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá. Wọ́n ti sún ìgbà tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dá fún igbó kò yí padà.

Èyí tó ká mi lára jù rèé. Bàbá dá ìpinnu ṣe; ìyàwó tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe gààrí kò gbọ́ títí wọ́n fi fa á tu. Alágbàṣe tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ wá bá wa ṣiṣẹ́, tí a ní yóò gba ìdá kan nínú mẹ́ta, ni a ń sọ fún pé kó ní sùúrù nígbà tí iye já. Ìyẹn kì í ṣe òdodo. Ẹni tí yóò pín nínú àdánù yẹ kó wà níbi tí a ti ń ṣe ìpinnu. Ẹ pe ìyàwó, ẹ pe àwọn ọmọ tó ti gbọ́njú, ẹ pe alágbàṣe, kí ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá tún dé, kí ẹ tó mú àdá, ẹ kọ́kọ́ mú bírò.